Bí Ẹ Ṣe Lè Gbé Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Kọ́lẹ́ẹ̀jì La Sáà Kan Já ní Ìlọrin

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìdíje ni kí ẹ ti kó àwọn ọmọ jọ. Agbábọ́ọ̀lù 22 tó: aṣọ́lé méjì, èèyàn méjì-méjì fún ipò yòókù. Ẹ kọ́kọ́ wo àtẹ ìdánwò o, torí òun ló ń tú ẹgbẹ́ ká ju ìfarapa lọ.

Pápá ló le jù. Lásìkò ọyẹ́, ilẹ̀ pupa wa máa ń gan bíi simẹ́ǹtì. Eyín bàtà onírin tó gùn kò ní wọlẹ̀; ẹsẹ̀ á yọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ á sì rọ́. Bàtà tí eyín rọ́bà rẹ̀ kúrú tó sì pọ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn onírin nítorí ariwo rẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ẹ bomi rin iwájú ilé góòlù méjèèjì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré. Afẹ́fẹ́ inú bọ́ọ̀lù náà, òfin gbà á láti 0.6 dé 1.1 lórí ìwọ̀n atmosphere, ẹ fi í sí bíi 0.7, kó má baà máa ta kọjá orí.

Ọyẹ́ máa ń gbẹ òógùn kí ọmọ tó mọ̀ pé òun ń làágùn. Omi ọ̀rá kan ní wákàtí méjì ṣáájú eré, òmíràn ní ìsinmi ìlàjì.

Nígbà àwẹ̀ Ràmàdáánì, ẹ fi ìdánrawò mọ sí ìṣẹ́jú 45, kó parí nígbà tí ìṣínu bá kù díẹ̀. Gbígbá bọ́ọ̀lù síra wọn ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe, kì í ṣe eré sísá. Iṣan ẹ̀yìn itan tó bá já nígbà yẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán.