Lẹ́tà kan tó gba ọdún kan lọ́wọ́ mi

Mo san $1,800 fún lọ́yà kó lè bá mi ka lẹ́tà olójú ewé kan, ẹ̀rí pé oníbàárà mi ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan. Ohun tó sọ fún mi lẹ́yìn tó kà á tán ni pé déètì rẹ̀ kò dáa. Déètì o! Ó ti lé díẹ̀ lọ́dún kan ààbọ̀ báyìí, síbẹ̀ bí mo bá rántí, ara mi á tún gbóná. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ torí àwọn arábìnrin wa tó ń bi mí bí èèyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ mi, ìyẹn bíbá àwọn èèyàn fi owó wọn dókòwò, ní Amẹ́ríkà níbí. Ìdánwò ni gbogbo wọn ń bẹ̀rù. Ìdánwò kọ́ ló fẹ́ pa mí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kọjá ibẹ̀. Mo kó ìwé ẹ̀rí ìṣirò owó mi wá láti ilé, wọn ò kà á sí. Mo ṣiṣẹ́ ní báǹkì títí green card mi fi jáde, mo wá jókòó ṣe Series 65, ìdánwò àwọn tó fẹ́ máa gba èèyàn nímọ̀ràn lórí ìdókòwò: ìbéèrè 130, ẹ gbọ́dọ̀ gba 92. Mo yege lẹ́ẹ̀kan. Mo forúkọ ilé iṣẹ́ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, torí owó tí mò ń bá àwọn èèyàn tọ́jú ò sún mọ́ $100 mílíọ̀nù rárá, àwọn tó tó bẹ́ẹ̀ ló sábà máa ń lọ sábẹ́ SEC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ọjà ìpín. Ó tán. Èmi nìkan, kọ̀ǹpútà kan, tábìlì kan.

Ìdókòwò tó ní ẹ̀rí ọkàn ni mò ń ṣe. Bí oníbàárà bá ní òun ò fẹ́ kí owó òun wà nínú sìgá tàbí ìbọn, màá yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kò le. Èyí tó le ni kéèyàn dúró sínú ilé iṣẹ́ tí ìwà rẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó sì máa bá àwọn ọ̀gá ibẹ̀ fà á, torí pé òun náà ní nǹkan níbẹ̀.

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló ti mí sínú rẹ̀. Wọ́n ní ìpín nínú ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ṣokoléètì. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, "Ọmọ mi, àwọn wo ló ń fọ́ kòkó tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan yìí?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi, torí owó kòkó ni bàbá mi fi rán mi níwèé. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún wọn: pé ní 2001 àwọn ilé iṣẹ́ ṣokoléètì fọwọ́ sí àdéhùn Harkin-Engel pé àwọn á fòpin sí iṣẹ́ ọmọdé tó burú jù nínú oko kòkó, wọ́n sì fi 2005 ṣe gbèdéke. 2005 dé, wọ́n sún un sí 2008. Wọ́n tún sún un sí 2010. Nígbà tó yá, ó di 2020, àdínkù ìpín 70 nínú 100 ni wọ́n sì wá ń ṣèlérí, kì í ṣe òpin mọ́.

"Ṣé wọ́n á gbọ́ tèmi?" ni Màmá tún bi mí. Mo rán wọn létí South Africa. Ní 1971, ìjọ Episcopal gbé àbá síwájú ìpàdé àwọn onípìn-ín General Motors, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, pé kí wọ́n kúrò ní ilẹ̀ apartheid. Àbá náà fìdí rẹmi nínú ìbò. Ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ò dáwọ́ dúró mọ́, títí tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ṣòfin ìfìyàjẹni lé South Africa lórí ní 1986. Màmá ní, "Ó dáa, kọ ọ́."

Mo kọ àbá tiwa sí ilé iṣẹ́ ṣokoléètì náà. Àbá ò gbọ́dọ̀ ju 500 ọ̀rọ̀ lọ, ìrọ̀lẹ́ méjì ni mo fi parí rẹ̀, ó sì dùn-ún kà, kí n má parọ́. Mo ti fẹ́ da ìpín oníbàárà mẹ́ta pọ̀ kó lè níwọ̀n, àfi bí mo ṣe rí i pé òfin tí wọ́n yí padà ní 2020 ti fòpin sí àdàpọ̀. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ti ní ìpín tó tó $2,000 fún ọdún kan lè gbé àbá wá. Ní báyìí, $2,000 yẹn gbọ́dọ̀ pé ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ yín, tàbí kí ẹ ní $25,000 bó bá jẹ́ ọdún kan. Màmá ti ra tiwọn láti 2014. Mo rò pé a ti gbà á tán.

Ibi tí ìyà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Màmá ra ìpín, owó tiwọn ni wọ́n fi rà á, àmọ́ bí ẹ bá ṣí ìwé ilé iṣẹ́ yẹn, ẹ ò ní rí orúkọ wọn níbẹ̀. Orúkọ tí ẹ máa bá ni Cede & Co., tó ń di ìpín mú fún DTC, ibi tí wọ́n ń kó ìpín pa mọ́ sí ní Amẹ́ríkà. Alágbàtà tó bá wọn ra ìpín nìkan ló mọ Màmá. Alágbàtà yẹn ló gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà jẹ́rìí sí i, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ DTC. Ẹni tó ni aṣọ ń wá ẹlẹ́rìí pé aṣọ òun ni!

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 2022, lẹ́tà dé: "Títí di òní, oníbàárà wa ti ní ìpín yìí fún ọdún mẹ́ta láìjá." Mo fi òpin ọ̀sẹ̀ to ìwé jọ, mo sì fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ 21. Lọ́jọ́ kejì oṣù kejìlá, ilé iṣẹ́ náà fèsì. Àkọ́kọ́, ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà wa kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ DTC, abẹ́ ẹlòmíì ló wà. Ìkejì, ẹ̀rí wa parí lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé la fi àbá ránṣẹ́. Ta ló máa jẹ́rìí pé Màmá ò ta ìpín wọn láàárín méjèèjì? Láàárín ìgbà wo? Àbámẹ́ta àti Àìkú, tí ọjà ìpín tì pa! (Ó ku ọjọ́ Ajé fúnra rẹ̀, mo gbà.)

Ọjọ́ 14 ni òfin fún wa láti tún un ṣe. Mo pe alágbàtà. Orin ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí mi létí fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọmọkùnrin tó wá gbé e ní lẹ́tà ń gba ọjọ́ iṣẹ́ méje. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun á fi sínú kọ̀ǹpútà. Mo tún pè, ẹlòmíì gbé e, mo tún bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí. Mo bi ilé iṣẹ́ ṣokoléètì náà bóyá mo lè fi ìwé àkáǹtì olóṣooṣù Màmá ránṣẹ́ dípò rẹ̀. Lọ́yà ilé iṣẹ́ ṣokoléètì ní ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí.

Ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, ó ku ọ̀la, lẹ́tà tuntun dé. Orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ DTC wà níbẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí i pé: "Títí di ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 2022, ó ti ní i fún ọdún mẹ́ta láìjá." Mo jó nínú yàrá. Mo fi ránṣẹ́.

Ẹ bá mi kà á sẹ́yìn. Ọdún mẹ́ta sí ọjọ́ 14 oṣù kejìlá 2022 bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 14 oṣù kejìlá 2019. Àbá wa lọ lọ́jọ́ 21 oṣù kọkànlá, ẹ̀rí sì gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá 2019. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì ti jábọ́ láàárín. Lẹ́tà àkọ́kọ́ yá jù, èkejì pẹ́ jù. Lóṣù kìíní, ilé iṣẹ́ náà kọ̀wé sí SEC pé àwọn fẹ́ yọ àbá wa kúrò. Ìgbà yẹn ni mo gbé $1,800 fún lọ́yà, tó ní kí n fọwọ́ ara mi fà á padà.

Mo pe Màmá. "Ẹ máa bínú, mà."

"Kí ni wọ́n ní ó ṣe, ọmọ mi? Ṣé mo ta á ni?"

"Ẹ ò tà á, mà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Kí ló wá ṣẹlẹ̀?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Lọ́dún kejì, mi ò jẹ́ kí alágbàtà kọ nǹkan kan. Èmi ni mo kọ gbólóhùn náà, wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé wọn ni. Mi ò lo "ọdún mẹ́ta" rárá, ọjọ́ tí Màmá ra ìpín ní 2014 gan-an ni mo fi síbẹ̀, "títí di ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 2023, àti ọjọ́ náà pẹ̀lú." Ọjọ́ 20 yẹn náà ni mo fi àbá ránṣẹ́. Ẹ má dúró de ọ̀sẹ̀ gbèdéke o, torí ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ ilé iṣẹ́ náà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́. Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ tí mo bá oníbàárà ṣí àkáǹtì ni ǹ bá ti béèrè alágbàtà wo ló wà nínú DTC.

Ilé iṣẹ́ ṣokoléètì náà pè wá sórí fóònù, ènìyàn mẹ́rin lọ́dọ̀ wọn, èmi nìkan lọ́dọ̀ tiwa. Wọ́n ní kí a fà á padà, àwọn á fi gbólóhùn kan kún ìròyìn ọdún wọn. Mo ní rárá. Nígbà ìrúwé 2024, mo ka àbá náà fúnra mi níbi ìpàdé tó wáyé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pẹ̀lú ohùn Yorùbá mi tí mi ò yí padà. Ìpín 9 nínú 100 ló dìbò fún un. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n 5 ni òfin ń fẹ́ kí àbá tó lè padà wá. Màmá ní kí n tún gbé e padà.

Lẹ́tà náà ti wà nílẹ̀, ó ku kí wọ́n fọwọ́ sí i lóṣù kọkànlá. Mo ti ka déètì inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin láàárọ̀ yìí.