Bí Ẹ́ńjìnnì Bá Gbóná Jù, Ẹ Má Tíì Sọ Pé Kò Ṣe é Ní Nǹkan: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tó ti kú nílùú Òṣogbo ni ì bá yè ká ní wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa lọ́jọ́ tó gbóná. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ á mú ọkọ̀ ní Ọláìyá lọ́sàn-án gangan, tàbí kó máa gbé ẹrù gun òkè lọ́nà Iléṣà, ọwọ́ tẹ́ńpíréṣọ̀ á gòkè, èéfín á máa yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ń wà á á dúró díẹ̀, á bu omi sí i, á ṣíná, ẹ́ńjìnnì á dáhùn. Á ní, "Ọlọ́run ṣeun, kò ṣe é ní nǹkan." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Pé ẹ́ńjìnnì dáhùn kò fi hàn pé ara rẹ̀ le. Alumíníọ̀mù ni wọ́n fi ṣe tọ́ọ̀pù sìlíńdà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí à ń wà, irin sì ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú púpọ̀ wọn. Bí ooru bá pọ̀, alumíníọ̀mù máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po méjì irin. Bóòtì sì ti dè é mọ́lẹ̀, kò ráyè lọ síbì kankan, ló bá tẹ̀. Tó bá tutù tán, ó lè má padà sí bó ṣe wà, gásíkẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín méjèèjì kò sì ní lè dí ojú náà mọ́. Jíjò náà lè kéré débi pé ẹ ó fi wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ẹ̀mí kúrò ńlẹ̀: ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó ṣì gbóná. Omi inú rẹ̀ lè ti kọjá 100°C láìhó, torí pé ìdérí yẹn fún un pa. Bẹ́ ẹ bá ṣí i, á hó lẹ́ẹ̀kan náà, á sì tú síni lójú. Ó kéré tán, ẹ fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kẹ́ ẹ sì dúró títí ọwọ́ yín á fi lè dì mọ́ họ́ọ̀sì òkè tó wọ rédíétọ̀ láìjó yín. Omi tútù pẹ̀lú kò gbọdọ̀ kan ẹ́ńjìnnì tó ṣì ń jó fòfò, ó lè là á.

Àwọn kan máa ń wo géèjì tẹ́ńpíréṣọ̀, tí wọ́n bá rí i pé ó wálẹ̀ lójijì, wọ́n á tún tẹná mọ́ ọn. Ẹ ṣọ́ra! Bí omi bá ti tán pátápátá, afẹ́fẹ́ ló kù níbi tí ojú tó ń ka ooru wà, géèjì sì lè máa sọ pé ó tutù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń jóná.

Ní ti àyẹ̀wò fúnra rẹ̀, àṣìṣe tó pọ̀ jù ni kí wọ́n fa géèjì ọ́ìlì yọ, kí wọ́n rí i pé ọ́ìlì mọ́, kí wọ́n sì parí ọ̀rọ̀ síbẹ̀. Lóòótọ́, bí ọ́ìlì bá ti rí bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ má ṣíná rárá mọ́. Àmọ́ gásíkẹ́ẹ̀tì lè ti jó, kí omi náà má kan ọ́ìlì rárá, kó máa gba inú sìlíńdà lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ tún wo èyí: ṣé omi ń dín kù láìsí ibi tó ń jò sílẹ̀? Ṣé èéfín funfun tó nípọn ń jáde ní sálẹ́ńsà, páìpù tí èéfín ń gbà jáde, lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti móoru? Ṣé ó ń gbọ̀n jìgìjìgì láàárọ̀, lẹ́yìn náà kó rọ̀? Ẹ ṣíná nígbà tó tutù, ẹ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì òkè. Tó bá le gbandi láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ooru kò tíì lè fún un pa bẹ́ẹ̀. Èéfín inú sìlíńdà ló ń wọnú omi. Ẹ tún lè fi ìdérí sílẹ̀ ní ṣíṣí láti ìgbà tó ti tutù, kẹ́ ẹ ṣíná, kẹ́ ẹ wò bóyá omi ń hó pùtùpùtù láìdáwọ́ dúró.

Bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò yí, ẹ má máa fi bátìrì fi agídí mú un. Omi lè ti kún sìlíńdà, kò sì ṣeé fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Ọ̀pá inú ẹ́ńjìnnì lè tẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú àwọn púlọ́ọ̀gì kó tó tún yí i.

Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ á fi géèjì wọn agbára ìfúnpọ̀ inú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Bí méjì tó fara kan ara wọn bá lọ sílẹ̀ pọ̀, ó sábà máa ń jẹ́ pé gásíkẹ́ẹ̀tì àárín wọn ló ti jó.

Ọ̀rọ̀ kan tó máa ń bí mi nínú lọ́gbà mẹkáníìkì ni, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká yọ thermostat, ilẹ̀ wa gbóná, kò wúlò." Ó wúlò o. Òun ni ilẹ̀kùn kékeré tó ń dí ọ̀nà omi rédíétọ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru. Tí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó móoru, á sì máa mu epo. Nínú àwọn ẹ́ńjìnnì mìíràn, thermostat yìí kan náà ló ń dí ọ̀nà àbùjá omi. Láìsí i, omi kan á máa yí po láìgba inú rédíétọ̀, ọkọ̀ á sì tún gbóná sí i nínú hóòdọ́ọ̀pù. Ẹ sè é nínú ìkòkò omi kékeré; bí kò bá ṣí, ẹ ra tuntun.

Bó bá di pé kí wọ́n tú tọ́ọ̀pù, ẹ má gbà kí wọ́n kàn pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n sì dè é padà. Kí wọ́n fi irin gígùn títọ́ lé e, kí wọ́n wọn ibi tó tẹ̀ lójú yín. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, tó bá ti kọjá 0.05 tàbí 0.10 mìlímítà, ó ti kọjá ààlà, wọ́n ní láti gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi ẹ̀rọ fá a dọ́gba. Bóòtì ọkọ̀ míì máa ń nà lẹ́ẹ̀kan péré, èyí tuntun ni kí wọ́n lò.

Kí wọ́n sì wá ohun tó fa gbígbóná náà gan-an: fáànù, wọ́tà pọ́ǹpù, họ́ọ̀sì, tàbí rédíétọ̀ tí omi kànga ti dí. Kúláǹtì, ìyẹn omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ni kẹ́ ẹ dà sí i padà. Fún oṣù kan gbáko lẹ́yìn iṣẹ́ náà, ẹ fi bírò fàlà sára ike omi tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ sì máa wò ó láràárọ̀ kẹ́ ẹ tó ṣíná. Bí omi bá ń sá kúrò nídìí ìlà yẹn, ẹ tètè gbé e padà fún wọn.