Bẹ́ ẹ ṣe lè fi carbon nanotube ṣe asẹ́ omi nínú làbù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fi carbon nanotube (ọ̀pá carbon tínńtín tó ní ihò nínú, tí ojú lásán ò lè rí) ṣe project asẹ́ omi, buckypaper (bébà tí wọ́n fi nanotube tó lọ́ mọ́ra ṣe) ni kẹ́ ẹ mú o, ẹ fi èyí tí wọ́n to nanotube ẹ̀ lóòró sílẹ̀ ná, irú èyí tí wọ́n ṣe ní làbù Lawrence Livermore ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2006 tí omi ń sáré gba inú ihò tí kò tó nanometer 2 (tẹ́ ẹ bá pín millimeter kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni nanometer) kọjá, ìyẹn dùn ún kà ṣùgbọ́n irinṣẹ́ ẹ̀ ò sí ní làbù púpọ̀.

Kẹ́ ẹ tó ṣí ike nanotube rárá, ẹ wọ ìbòmú gidi àti gílọ́ọ̀fù, inú fume hood (àpótí làbù tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde) sì ni kẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n. Ẹ̀tù ẹ̀ fúyẹ́, ó máa ń fò, wọ́n sì ti rí i lára èkúté pé àwọn tó gùn tó sì le lè ba ara jẹ́ bíi ti asbestos.

Ẹ da nanotube multi-wall, ìyẹn èyí tí ògiri ẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, milligram 50 (owó ẹ̀ ò tó ti single-wall tó ní ògiri kan) sínú omi dísítílì milliliter 50, kẹ́ ẹ fi Triton X-100 (kẹ́míkà tó ń ṣe bí ọṣẹ) bí ìdajì gram sí i. Nanotube àti omi ò rẹ́, ṣe ló máa ń ṣù pọ̀, Triton yẹn ló máa jẹ́ kó tú ká. Ẹ wá ki orí sonicator (ẹ̀rọ tó ń fi ìró gbọn omi) bọ̀ ọ́ fún bí ìṣẹ́jú 30, kí bíkà wà nínú áìsì torí ó máa gbóná. Ibí yìí gan-an niṣẹ́ wà o! Tí kò bá tú dáadáa, bébà yẹn máa ní ihò ńlá níbì kan, tẹ́ ẹ bá sì ṣe é jù, nanotube á gé kúkúrú, bébà á máa fọ́. Ẹ kán díẹ̀ sórí gíláàsì kẹ́ ẹ fi maikirosíkóòpù wò ó, tí kókó dúdú bá ṣì wà, bí ògì tí wọn ò lọ̀ kúnná ni, ẹ tún un ṣe.

Ẹ dà á sórí fítà PTFE (ike Teflon), ẹ tan vacuum pump, ẹ má kánjú, ó lè gba wákàtí mélòó kan. Ẹ fi omi púpọ̀ fọ̀ ọ́ títí tí kò fi ní hó bí ọṣẹ mọ́, ẹ fi ethanol ṣan án, ẹ fi gíláàsì méjì há a láàárín kó gbẹ láìká kò, ẹ wá rọra ṣí i kúrò.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán an wò, omi tó mọ́ ni kó kọ́kọ́ gbabẹ̀ kọjá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá gbé omi tó ní E. coli. Bakitéríà yẹn tó micrometer 1 (nanometer 1,000), orí bébà ló máa há sí. Fáírọ́ọ̀sì kéré jùyẹn lọ, MS2 tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ò ju bíi nanometer 27 lọ, ẹ dán ìyẹn wò lọ́tọ̀. Iyọ̀ ńkọ́? Á kọjá wẹ́rẹ́ ni, ẹni tó bá ní buckypaper lásán ń sọ omi òkun di omi mímu, ẹ bi í ní dátà ẹ̀ jàre. Omi aró tiẹ̀ sàn, torí aró máa ń lẹ̀ mọ́ nanotube, àmọ́ tó bá ti yó kò ní gbà mọ́.

Omi tó bá jáde, ẹ gbé e sínú UV-vis (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ yẹ ohun tó wà nínú omi wò) kẹ́ ẹ wò ó bóyá nanotube ń já bọ́ sínú ẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má tọ́ ọ wò o.