Pọ́tímáńtò ìwé bàbá àgbà: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀ kí ikán tó dé ibẹ̀

Ẹ má tíì kó nǹkan kan jáde o. Mo mọ̀ pé bẹ́ ẹ ṣe ṣí pọ́tímáńtò yẹn báyìí, tí eruku ti kún imú yín, ohun tó ń ṣe yín ni pé kẹ́ ẹ da gbogbo ẹ̀ sórí ẹní kẹ́ ẹ máa ṣà á, gidi sápá kan, pàǹtí sápá kan. Ohun témi náà ṣe nìyẹn. Bàbá wa àgbà ṣe akọ̀wé fáwọn tó ń ra kòkó, wọ́n tún ṣe akọ̀wé ìjọ, wọn kì í ju bébà nù, kódà bébà tí wọ́n fi wé ṣúgà, wọ́n á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, wọ́n á ṣèṣirò sẹ́yìn ẹ̀. Ìdìpọ̀ kan wà tí wọ́n fi okùn dì, lẹ́tà bíi mẹ́fà, rìsíìtì méjì, fọ́tò ọkùnrin kan. Mo tú okùn, mo kó lẹ́tà sọ́dọ̀ lẹ́tà, rìsíìtì sọ́dọ̀ rìsíìtì, mo fi fọ́tò sínú álíbọ́ọ̀mù pẹ̀lú àwọn yòókù, gbogbo ẹ̀ wá mọ́ tónítóní. Ọdún kejì ni ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lọ, wọ́n ní ṣé mo rí ìdìpọ̀ olókùn yẹn, pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, pé ọkùnrin inú fọ́tò yẹn ló ta ilẹ̀ fún bàbá. Ìyá mi gan-an ò dá a mọ̀ lójú, wọ́n kàn gbọ́ ni. Ẹ ò rí i bí mo ṣe fi ìka àbámọ̀ bọ ẹnu!

Nítorí náà fóònù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú. Ẹ ya àpótí náà látòkè bó ṣe wà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án. Tẹ́ ẹ bá gbé ti òkè kúrò, ẹ tún ya èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àpòòwé tiẹ̀ àti nọ́ńbà tiẹ̀, kẹ́ ẹ wá ní ìwé kékeré kan tẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sí, bíi: ìdìpọ̀ 4, ó wà lábẹ́ Bíbélì, okùn dúdú, lẹ́tà mẹ́fà, rìsíìtì owó orí kan. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé àkójọ ìwé gan-an, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí olówó ẹ̀ ṣe tò ó ni wọ́n ń fi í sílẹ̀, torí pé ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé kan wà lára ohun tí ìwé yẹn ń sọ.

Wàyí o, kí la máa jù nù? Ẹ má tíì ju nǹkan kan nù. Ohun tẹ́ ẹ̀ ń pè ní pàǹtí yẹn, káàdì àjọ, ìwé gbèsè, ìwé ìpàdé ẹgbẹ́ tí wọ́n kọ iye owó ìtanràn sí, òun ni kò sí níbòmíì láyé. Ẹ wo Akinpẹlu Ọbisẹsan, ọmọ Ìbàdàn, ọ̀kan lára àwọn òpó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ìgbà yẹn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́, wọ́n á kọ gbèsè tí wọ́n jẹ síbẹ̀, wọ́n á kọ bí owó ṣe ń dà wọ́n láàmú. Ta ló máa rò pé ẹnikẹ́ni á fẹ́ ka ìyẹn? Kenneth Dike Library ní Yunifásítì Ìbàdàn ni àwọn ìwé yẹn wà lónìí, nílé kan náà pẹ̀lú ìwé Herbert Macaulay àti ti Henry Carr, àwọn gbajúmọ̀ Èkó ayé àtijọ́, àwọn onímọ̀ sì ń tòkè òkun wá kà á.

Ó kan ìmọ́tótó. Ẹ wá búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, èyí táwọn obìnrin fi ń kun pọ́dà náà dáa tó bá jẹ́ tuntun, ẹ máa gbá eruku láti àárín bébà lọ sétí, jẹ́jẹ́. Ẹ má fi àkísà tútù nù ún o. Pínnì tó ti dípẹtà, ẹ rọra yọ ọ́, torí ìpẹtà yẹn á máa jẹ bébà lọ ni. Tẹ́ ẹ bá rí ikán tàbí kòkòrò kékeré tó ń dán bíi fàdákà yẹn, ẹ kó àpótí náà jáde sítòsí ẹnu ọ̀nà, ẹ ya ohun tí wọ́n ti jẹ sọ́tọ̀, ẹ gbọn kòkòrò dànù, ṣùgbọ́n ẹ má fọ́n òtapíápíá sórí ìwé, á ba íńkì jẹ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa kà á náà lẹ máa fa á símú. Èyí tómi ti kàn, ẹ má sá a sóòrùn, á ká kòrókòró, á sì ṣá. Abẹ́ ìbòji ni, pẹ̀lú fáànù tó ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀, kẹ́ ẹ fi tíṣù sáàárín àwọn ojú ìwé tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ra.

Sẹ́lótéèpù kọ́ o, mo bẹ̀ yín. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ó máa di pupa ràkọ̀ràkọ̀, gọ́ọ̀mù ẹ̀ á wọnú bébà. Ti lámínéètì tún wá burú jùyẹn lọ. Mo gbé káàdì ìrìbọmi bàbá wa lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ládùúgbò wa, pé kí wọ́n bá mi ṣe é kó má baà ya mọ́. Ẹ̀rọ yẹn gbóná, káàdì wọlé tọ̀hún, ó jáde tòun ti ìlà dúdú kan láàárín, gẹ́lẹ́ níbi tí orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí wà. Ọ̀rá yẹn ò ṣeé bó mọ́. Ọmọkùnrin tó ṣe é ní ẹ pẹ̀lẹ́ sà, mo sanwó, mo lọ.

Níbi tẹ́ ẹ máa kó o sí, páálí tó mọ́ dáa ju ọ̀rá lọ, torí ọ̀rá máa ń pa ooru àti ọ̀rinrin mọ́ inú, ìwé á wá máa hu. Ẹ má gbé e lé ilẹ̀, ẹ má gbé e ti ògiri tó kọjú síta, ẹ má sì gbé e lé orí wọ́dúróòbù lábẹ́ páànù, ibẹ̀ lòjò máa ń kọ́kọ́ jò sí, ibẹ̀ náà ló gbóná jù. Káńfọ̀ ò pọndandan. Kẹ́ ẹ máa ṣí i wò lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pàápàá nígbà òjò, ìyẹn ló máa ń lé aáyán.

Ní ti ẹ̀dà, ẹ gbọ́ ìtàn yìí. Samuel Johnson, pásítọ̀ Ọ̀yọ́, kọ ìtàn Yorùbá parí ní 1897, wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tẹ̀wé ní ìlú òyìnbó, ìwé yẹn ò padà wá, kò sì jáde. Wọ́n kú ní 1901. Àbúrò wọn, Dókítà Obadiah Johnson, ló fi àwọn ìwé tó kù nílé tún un kọ. Nígbà tí wọ́n tún máa fi ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ Appam tó gbé e, àwọn Jámánì gbà á lójú agbami, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà! Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì ni wọ́n tó rí ẹrù náà ní Amẹ́ríkà, ìwé ò sì jáde títí di 1921. Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Ẹ̀yin ní fóònù lọ́wọ́, kí lẹ ń dúró dè?

Etí fèrèsé lówùúrọ̀ ni kẹ́ ẹ ti yà á, láìtan iná fóònù, kẹ́ ẹ dúró sókè ẹ̀ gbọnrangandan kí ìwé má baà wọ́, kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn. Ẹ ya ẹ̀yìn ẹ̀ náà, kódà tó bá ṣófo. Ẹ yí orúkọ fáìlì padà, irú bíi ìdìpọ̀04_lẹ́tà2_1958, torí àwọn nọ́ńbà gbọọrọ tí fóònù ń fún un yẹn ò ní yé ẹnikẹ́ni lọ́dún mẹ́wàá sí i. Ibi mẹ́ta ni kó wà: fóònù, fláàṣì, àti ọ̀dọ̀ ẹnì kan nínú ẹbí tí kò gbé ìlú kan náà pẹ̀lú yín. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, bíi document ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, torí tẹ́ ẹ bá fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò lásán, ó máa fún un pọ̀, lẹ́tà tínńtín á sì di bàìbàì.

Ti fọ́tò ló ń kán mi lójú jù, torí àwọn tó mọ ojú yẹn ń lọ. Ẹ gbé fọ́tò kan ṣoṣo síwájú ìyá àgbà, kì í ṣe gbogbo álíbọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ tan fóònù kó máa gbohùn sílẹ̀, tí wọ́n bá gbà. Ẹ má bi wọ́n pé ọdún wo, ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í fi nọ́ńbà ka ọdún. Ẹ bi wọ́n pé ọba wo ló wà lórí oyè, ṣé pọ́n-ùn ni wọ́n ń ná àbí náírà ti dé, náírà bẹ̀rẹ̀ ní 1973, ṣé mọ́tò ṣì ń gba ọwọ́ òsì, ìyẹn ti yí padà ní 1972. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò, létí, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bírò máa ń tẹ̀ jáde síwájú. Tí pẹ́ńsù ò bá mú un, ẹ kọ ọ́ sára àpòòwé.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ ohun tí ìjọba kọ nípa ìlú yín nígbà tí bàbá ń kọ tiwọn, National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn ni kẹ́ ẹ lọ, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike dá sílẹ̀ láàárín 1950 sí 1960, ẹ̀ka mìíì wà ní Ẹnúgu àti Kàdúná. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀, ẹ mú pẹ́ńsù, torí wọn kì í fẹ́ rí bírò nítòsí fáìlì. Orúkọ ẹkùn ni kẹ́ ẹ fi wá a: Oyo Prof, Ondo Prof, Ije Prof (Ìjẹ̀bú), Abe Prof (Abẹ́òkúta); Prof yìí kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n o, ọ́fíìsì ẹkùn ni. Kẹ́ ẹ sì kọ ìlú bí òyìnbó ṣe ń kọ ọ́, Ilesha, Oshogbo, Ogbomosho. Láwọn ọdún 1930, àwọn ajẹ́lẹ̀ òyìnbó kọ ìròyìn gígùn lórí ìtàn ìlú kọ̀ọ̀kan, ó máa ń dùn ún kà. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi ara yín pé ta ló jókòó ti ajẹ́lẹ̀ tó ń sọ ọ́ fún un, ilé ta ló sì ń du oyè lọ́dún yẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún ilé ìkàwé kan ní ìwé yẹn pátápátá, ẹ kọ́kọ́ ṣèpàdé ẹbí, ẹ ya ẹ̀dà, kí àdéhùn sì wà lákọsílẹ̀, pàápàá lórí lẹ́tà àwọn tó ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ yá òun fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ní kó wá kà á níwájú yín.

Témi, fọ́tò márùn-ún ló wà nínú álíbọ́ọ̀mù tí ọkùnrin inú ẹ̀ lè jẹ́ ẹni tó ta ilẹ̀ yẹn. Mo ti kó márààrún sínú àpòòwé kan, mo fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára ẹ̀ pé: ọ̀kan nínú wọn ni.