Bí A Ṣe Ń Bá Ọmọ Ológbò Gbé Kí Ilé Má Dàrú

Eku ló jẹ́ kí n wá ológbò. Ilé wa ní Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí ọ̀sà, àwọn aládùúgbò wa sì ń yan ẹja tà. Ibi tí òórùn ẹja bá wà, eku kì í jìnnà síbẹ̀. Wọ́n dá ihò sí ìdí àpò gààrí wa, wọ́n tún gé aṣọ oníbàárà tí ìyàwó mi ń rán lọ́wọ́. Ìyá kan tó ń ta ẹja ní ọjà Olúwo ló fún mi ní méjì nínú ọmọ márùn-ún tí ológbò tirẹ̀ bí. Ọ̀kan dúdú bí kóró iṣin, a sọ ọ́ ní Dúdúyẹmí. Èkejì ní ilà wẹ́wẹ́ lára, a pè é ní Abilà.

Kí wọ́n tó pa eku kan ṣoṣo, oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ṣeré. Wọ́n gun kọ́tìnnì dókè, wọ́n tú òwú ká gbogbo pálọ̀, wọ́n ń lúgọ de àtẹ́lẹsẹ̀ wa láàárọ̀. Ohun tó yé mi nígbà náà ni mo fẹ́ fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí n ó sọ: eré ọmọ ológbò kì í ṣe ìwàkiwà, iṣẹ́ ọdẹ ló ń kọ́. Bó ṣe ń ba sílẹ̀, tó ń mi ìdí, tó wá fò mọ́ yín lẹ́sẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe fò mọ́ eku lọ́la. Àwọn àgbà ní yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́. A kì í na eré kúrò lára ọmọ ológbò. Ibi tí yóò ti ṣe é là ń wá fún un.

1. Ẹ má tètè já a gbà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀

Ó kéré tán, kó pé ọ̀sẹ̀ 8. Láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní sí ìkejì ni ojú rẹ̀ ń là, ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin ló ń bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ oúnjẹ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkeje, ohunkóhun tó bá mọ́ ọn lára nígbà náà kì í bà á lẹ́rù mọ́: ọwọ́ ènìyàn, ariwo ọmọdé, ìró ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń gbé mọ́ra nínú ilé, ẹ má mú èyí tí wọ́n bí sẹ́yìn ilé tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí.

Bí agbára yín bá gbé e, ẹ mú méjì. Nígbà tí Abilà bá gé Dúdúyẹmí jẹ jù, Dúdúyẹmí á ké, á sì fi eré sílẹ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe kọ́ ara wọn ní ìwọ̀n eyín. Ọmọ ológbò tó dá wà kò ní ẹni tí yóò kọ́ ọ, apá yín ni yóò fi kọ́ ọ.

2. Ẹ tún ilé ṣe kó tó wọlé

Ẹ kúnlẹ̀ láàárín pálọ̀, kí ẹ wo ilé láti ibi tí ojú rẹ̀ yóò mọ. Gbogbo ohun tó ń jò, tó ń yí, tàbí tó ń fì dirodiro, ti ọmọ ológbò ni.

Òwú ni mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Abilà lọ́wọ́ wa. Iṣẹ́ télọ̀ ni ìyàwó mi ń ṣe, òwú sì wà káàkiri ilé wa. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo rí òwú pupa tó ń jò wálẹ̀ lẹ́nu Abilà bí itọ́. Mo ti na ọwọ́ láti fà á nígbà tí ìyàwó mi figbe ta pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti gbọ́ ọ rí lẹ́nu dókítà ẹranko. Òótọ́ ló sọ. Ahọ́n ológbò ní ẹ̀gún wẹ́wẹ́ tó kọjú sí ọ̀nà ọ̀fun, nítorí náà ohun tó bá ti há sí i kò rọrùn fún un láti tu jáde, gbígbé ló ń gbé e mì. Òwú lè lọ́ mọ́ ìdí ahọ́n nígbà tí ìyókù rẹ̀ ti wọ inú ìfun. Ẹni tó bá fà á nígbà náà, ìfun ni yóò fi í gé, bí ìgbà tí a fi ayùn gé igi. A dì í sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ó fún un lábẹ́rẹ́ oorun, ó gé òwú náà lábẹ́ ahọ́n, ó ní ká máa ṣọ́ ìgbẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni ìyókù bá ìgbẹ́ jáde. Láti ọjọ́ náà, inú agolo bisikíìtì tó ní ìdérí ni gbogbo òwú àti abẹ́rẹ́ wa ń gbé. Rọ́bà tí a fi ń di owó, irun àfikún, ọ̀rá, ìgè àwọ̀n àti ìwọ̀ apẹja, ẹ kó wọn mọ́ ọn.

Ìyókù kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ bo kànga, ẹ da omi inú báàfù nù tí ẹ bá fọṣọ tán. Ẹ gbé wáyà ṣájà sókè, pàápàá láti bí oṣù mẹ́ta ààbọ̀ sí mẹ́fà, nígbà tí eyín wàrà 26 ń bọ́ tí eyín àgbà 30 ń hù, nítorí kò sí ohun tí kì í jẹ lẹ́nu nígbà náà. Kí ẹ tó tan mọ́tò tàbí jẹnẹrétọ̀, ẹ gbá a lára kẹ́ẹ̀, ọmọ ológbò fẹ́ràn ibi tó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ má fi oògùn eku àti ológbò sínú ilé kan náà, torí eku tó jẹ májèlé lè di oúnjẹ ológbò.

Oògùn ìfọlẹ̀ tó máa ń funfun bí omi ògì tí a bá bù ú sómi, ẹ yẹra fún un. Ẹ̀dọ̀ ológbò kò lè borí oró inú rẹ̀ bí ti ènìyàn. Yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sì fi ahọ́n lá ẹsẹ̀. Ọṣẹ àti omi tó láti fọ ilẹ̀.

3. Yàrá kan ni kó kọ́kọ́ mọ̀

Ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin àkọ́kọ́, ẹ fi í sí yàrá kan pẹ̀lú omi, oúnjẹ, iyanrìn tí yóò máa yàgbẹ́ sí àti páálí tó lè sá pamọ́ sí. Ẹ má fipá fà á jáde. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, òun ni yóò wá bá yín.

4. Oúnjẹ

Ara ológbò kò dà bíi ti ajá. Ẹran àti ẹja ni ìwàláàyè rẹ̀, nítorí èròjà kan wà tó ń jẹ́ tọ́ríìnì tí ara rẹ̀ kò lè pèsè tó. Bí kò bá rí i jẹ, ojú rẹ̀ lè fọ́, ọkàn rẹ̀ sì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀bà àti ìrẹsì lásán kò ní èròjà yìí.

Àwa tí a wà ní Ẹ̀pẹ́ ní oore-ọ̀fẹ́ ẹja. Mo máa ń ra sàwá tàbí epìyà kéékèèké, n ó sè é láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà, n ó yọ egungun rẹ̀ dáadáa. Ẹ má da omi tí ẹ fi sè é nù, tọ́ríìnì máa ń yọ́ sínú omi náà. Ẹ má fún un ní ẹja tí ẹ kò sè lemọ́lemọ́, àwọn kan nínú ẹja wa ní ohun tó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára rẹ̀, sísè ló sì ń pa ohun náà. Ẹja nìkan kò sì tó. Ẹ fi adìẹ sí i, ẹ̀dọ̀ díẹ̀díẹ̀, ẹyin sísè, àti oúnjẹ ọmọ ológbò inú àpò bí apá bá ká a.

Àlùbọ́sà àti aáyù ń pa ẹ̀jẹ̀ ológbò lára, nítorí náà ẹ má bu ọbẹ̀ fún un. Mílíìkì inú agolo kò yẹ ẹ́, ó máa ń fa ìgbẹ́ gbuuru fún ọ̀pọ̀ wọn. Omi ni kó máa mu. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni kó jẹun títí yóò fi pé oṣù mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta títí di oṣù mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì tó.

Ohun kan sì wà tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní: kí ẹ tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ẹ fi ṣíbí kan abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìwúlò rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

5. Iyanrìn

Báàfù oníke tí kò jìn, iyanrìn gbígbẹ tó tó nǹkan bí ìka mẹ́ta ní ìjìn. Ti etí ọ̀sà máa ń tutù, ẹ sá a sóòrùn. Ẹ gbé ọmọ ológbò náà síbẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àti nígbà tó bá jí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò gbẹ́ ilẹ̀ tí yóò sì bò ó. Bí ológbò bá jẹ́ méjì, báàfù mẹ́ta ló dára. Bó bá ṣe é sílẹ̀, ẹ má fi imú rẹ̀ kàn án, ẹ nù ún kúrò, kí ẹ sì wò ó bóyá báàfù dọ̀tí tàbí ó wà níbi ariwo.

Ẹ kó ìgbẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Kòkòrò àìfojúrí kan lè wà nínú rẹ̀ tó lè pa oyún lára, ó sì máa ń tó ọjọ́ kan ó kéré tán kó tó lè ran ènìyàn. Aboyún kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iyanrìn náà, ẹlòmíràn ni kó máa kó o.

6. Ẹ yan àkókò eré

Ọmọ ológbò lè sun nǹkan bíi wákàtí 18 lójúmọ́, ṣùgbọ́n àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni ara rẹ̀ ń yá gágá jù. Ìdí nìyí tó fi ń sáré lórí yín láago márùn-ún ìdájí. Ọ̀nà tí mo gbà rí oorun sùn rèé: láago mẹ́sàn-án alẹ́, mo so ìyẹ́ adìẹ mọ́ ọ̀pá gígùn, mo ń wọ́ ọ nílẹ̀ bí eku tó ń sá, mo ń fi í pamọ́ sẹ́yìn àga, mo tún ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó. Ẹ jẹ́ kó mú un nígbà mìíràn, ọdẹ tí kì í pa nǹkan á sú ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé oúnjẹ alẹ́ kalẹ̀. Ó ti dọdẹ, ó ti pa á, ó ti jẹ ẹ́: ohun tó kù ni kó lá ara rẹ̀ kó sì sùn. Tí eré bá parí, ẹ gbé ọ̀pá náà pamọ́ pẹ̀lú okùn rẹ̀.

Ọwọ́ yín kì í ṣe ohun ìṣeré. Ó dùn nígbà tó bá kéré tí eyín rẹ̀ kò mú, ṣùgbọ́n kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá gé yín jẹ, ẹ má fa ọwọ́ yọ, ohun tó ń sá ló ń lé. Ẹ dúró jẹ́ẹ́, ẹ dákẹ́, ẹ dìde kúrò níbẹ̀ tó bá tú yín sílẹ̀. Láìpẹ́, ẹ fún un ní ìyẹ́ tàbí bọ́ọ̀lù bébà. Lílù kò kọ́ ọ ní nǹkan kan ju kó máa sá fún yín.

Híhọ náà ń bẹ. Èékánná rẹ̀ ń bó, ó sì gbọ́dọ̀ họ nǹkan. Mo fi àpò ìdọ̀họ wé òpó igi kan, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga tó ń họ tẹ́lẹ̀. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbàgbé àga.

Àwọn alẹ́ wọ̀nyẹn, lẹ́yìn eré, Dúdúyẹmí á gun itan mi, á máa fi ọwọ́ méjèèjì po aṣọ mi bí ẹni ń po ìyẹ̀fun, á máa kùn. Bó ṣe ń ṣe sí ọmú ìyá rẹ̀ kí wàrà lè yọ nìyẹn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi.

7. Abẹ́rẹ́ àti oògùn

Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko láàárín ọ̀sẹ̀ tó dé. Oògùn aràn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti kékeré, a sì ń tún un lò títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi, láti oṣù mẹ́ta. Ológbò náà ń kó àrùn yìí, kì í ṣe ajá nìkan. Bí ológbò tí kò gba abẹ́rẹ́ bá gé ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ológbò ní parasitámọ̀. Hóró kan péré lè pa á. Oògùn eégbọn ajá náà léwu, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ní ohun tí ológbò kò lè fara dà.

8. Àwọn aládùúgbò

Nítorí pé Dúdúyẹmí dúdú, ọ̀rọ̀ àjẹ́ kò pẹ́ dé. Àwọn ọmọdé sọ òkúta lù ú lẹ́ẹ̀mejì. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò bá wọn jà. Mo pè wọ́n wọ àgbàlá, mo fi ọ̀pá ìyẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti bá ọmọ ológbò ṣeré rí kì í sọ òkúta lù ú mọ́. Àfáà àdúgbò wa náà bá mi sọ̀rọ̀ fún àwọn òbí wọn, ó rán wọn létí pé Abu Huraira, ọ̀kan nínú àwọn tó bá Ànábì rìn, ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ ni bàbá ọmọ ológbò. Ní àdúgbò tí mùsùlùmí pọ̀ bíi tiwa, ọ̀rọ̀ yẹn wọlé.

9. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún un

Abo lè gboyún láti oṣù mẹ́rin, oyún rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ. Bí ẹ kò bá fẹ́ ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún mìíràn, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ láti bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà: akọ, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá; abo, wọn yóò yọ ilé ọmọ rẹ̀. Akọ tí a tẹ̀ lọ́dàá kì í fẹ́ rìn jìnnà tàbí jà bíi ti tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, àti lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ lè ṣílẹ̀kùn. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ yàn, kí ebi ti máa pa á díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó gbóòórùn àgbàlá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá mú abọ́ àti ṣíbí. Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tú wọn sílẹ̀, Abilà ti wọ abẹ́ ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ kan tó dojú dé lẹ́yìn ilé, Dúdúyẹmí wà lórí ògiri. Mo kan abọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ gbé e sílẹ̀, àwọn méjèèjì ti wà lẹ́sẹ̀ mi.