Àwọn àṣìṣe tó ń ba Commodore 64 jẹ́ níbi pípààrọ̀ ROM

Ẹ tan Commodore 64, kọ̀ǹpútà ilé àtijọ́ tó ń lo tẹlifíṣọ̀n, ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú, kò sí lẹ́tà, kò sí àwọ̀. Ẹni tó bá ti ka nǹkan díẹ̀ nípa ẹ̀rọ yìí á ní ROM, IC (ègé ẹ̀rọ kékeré tó ní ẹsẹ̀) tí ètò iṣẹ́ ẹ̀rọ wà nínú rẹ̀, ló kú, kí ẹ sì tó wí tán, ó ti ki áyọ̀ọ̀nù tí wọ́n fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì bọ iná. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. ROM kò ṣòroó rí: ẹ lè ra òmíràn, ẹ sì lè kọ tiyín sínú EPROM, IC tí èèyàn lè kọ ètò sí fúnra rẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì, pátákó tí wọ́n jó àwọn IC mọ́, ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún 1982 ni ẹ̀rọ yìí jáde, ọdún 1994 ni ilé iṣẹ́ Commodore sì kógbá wọlé. Pánẹ́ẹ̀lì tó wà nílẹ̀ lónìí ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, bàbà orí rẹ̀ kì í sì í pẹ́ ṣí bí ooru bá pọ̀ jù. Ìdí kan náà ni mo fi ka gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ yìí sí àṣìṣe: wọ́n ń fi pánẹ́ẹ̀lì ṣòfò nítorí IC kan.

Ẹ má dá ROM lẹ́bi kí ẹ tó gbọ́ tẹnu àwọn yòókù

ROM mẹ́ta ló wà lórí pánẹ́ẹ̀lì gígùn tí wọ́n fi ṣe àwọn tó kọ́kọ́ jáde. U3 (nọ́ńbà tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ IC lórí pánẹ́ẹ̀lì) ló gbé BASIC, èdè tí èèyàn fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ, 8 KB. U4 ló gbé KERNAL, ètò tó ń jí ẹ̀rọ tó sì ń darí rẹ̀, 8 KB bákan náà. Àwòrán àwọn lẹ́tà wà ní U5, 4 KB. Ikú wọn kì í jọra. Bí iná bá ti dé, 6510 tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀rọ á lọ wo àdírẹ́sì $FFFC àti $FFFD kó lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, inú KERNAL ni méjèèjì sì wà. Bí KERNAL kò bá dáhùn, gbogbo ojú á dúdú ni, etí rẹ̀ pàápàá kò ní ní àwọ̀. Bó bá jẹ́ BASIC ló kú, KERNAL á jí, àwọ̀ búlúù lè yọ, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí READY, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ fi ń sọ pé òun ti ṣetán. Bó bá jẹ́ ti lẹ́tà, ojú búlúù á wá, ẹ̀rọ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀, àmọ́ ibi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ wà á ṣófo, tàbí kó kún fún jágbajàgba.

Ẹ wo nọ́ńbà tó ń yọ lókè ojú tẹlifíṣọ̀n pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ yá máa ń kọ 38911 BASIC BYTES FREE. KERNAL ló ń ka mẹ́mọ́rì kí nọ́ńbà yẹn tó jáde. Bó bá kéré sí 38911, KERNAL àti BASIC ń ṣiṣẹ́ nìyẹn; RAM, mẹ́mọ́rì tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sí nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ni kí ẹ lọ bá.

Ojú dúdú nìkan kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀kan ṣoṣo tó bá kú nínú RAM 4164 mẹ́jọ tó wà níbẹ̀ lè fà á. 6510 lè fà á. PLA tó wà ní U17 ni mo máa ń sọ pé kí èèyàn kọ́kọ́ fura sí, nítorí òun ló ń pinnu IC tí yóò dáhùn nígbà tí 6510 bá pe àdírẹ́sì kan. Bí PLA bá ń ṣìṣe, ROM tó yá gágá á dà bí òkú. Mélòó nínú àwọn KERNAL tí wọ́n ti gé lẹ́sẹ̀ sọnù ni kò lẹ́ṣẹ̀ kankan lọ́rùn!

Kí ẹ tó fura sí IC èyíkéyìí rárá, ẹ wo páwà páàkì. Ohun méjì ló ń fún ẹ̀rọ: fólítì 5 tó ń lọ tààrà, àti fólítì 9 AC. Àwọn páwà páàkì dúdú tó bá ẹ̀rọ náà wá ní àléébù burúkú kan: bí ohun tó ń dá fólítì 5 dúró nínú wọn bá bàjẹ́, iná á gòkè, RAM ló sì sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹni tó pààrọ̀ ROM tó sì tún fi páwà páàkì yẹn tàn án ti pa tuntun mọ́ ògbólógbòó. Ẹ fi mítà wọn ẹnu wáyà rẹ̀ kí ẹ tó fi bọ ẹ̀rọ. Bó bá kọjá 5.25, ẹ jù ú sílẹ̀. Bó bá dára níbẹ̀, ẹ tún wọ̀n ọ́n lórí ROM fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá wà lórí iná: ẹsẹ̀ 12 ni gíráǹdì, ẹsẹ̀ 24 ni fólítì 5. Bí ẹ bá rí ohun tó kéré sí 4.75 níbẹ̀, a kò tíì dé ọ̀rọ̀ ROM. Ẹ̀yin tí wọ́n sì fi tiyín ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ara páwà páàkì náà dáadáa. Fólítì 120 ni wọ́n ṣe tiwọn fún. Ẹ má fi ki iná 240 ti ilé wa.

Kátíríìjì àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n ń pè ní Dead Test. Ipò KERNAL ló ń dúró sí, nítorí náà ó lè ṣiṣẹ́ bí KERNAL tilẹ̀ ti kú. Bí ẹ bá fi sí i tí ojú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ẹ ka iye ìgbà tó ṣẹ́. RAM tó bàjẹ́ ló ń tọ́ka sí. Bó bá ṣe àyẹ̀wò rẹ̀ dé ìparí láìfẹ̀sùn kan RAM, tí ẹ̀rọ sì dúdú nígbà tí ẹ yọ ọ́, ẹ ti ní ìdí gidi láti fura sí KERNAL. Bí kò bá sí ìyípadà kankan, PLA, 6510 àti iná ni kí ẹ padà sí.

Lórí àwọn pánẹ́ẹ̀lì kan, inú sọ́kẹ́ẹ̀tì ni ROM wà. Ẹ pa iná, ẹ yọ ọ́, ẹ nu ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ dá a padà. Ìpẹtà lásán lè pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́.

Àwọn kan máa ń gbé IC tó dára lé orí èyí tí wọ́n fura sí, ẹsẹ̀ lórí ẹsẹ̀, kí wọ́n fi dán an wò. Ó máa ń rọrùn lọ́dọ̀ RAM nígbà mìíràn. Ẹ má dán an wò lára ROM. Méjèèjì á máa sọ̀rọ̀ pa pọ̀ lórí wáyà kan náà, ohun tí ẹ bá rí kò ní sọ òótọ́ fún yín.

Ẹ má ra IC nítorí pé orúkọ jọra

Ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀. BASIC ni 901226-01, KERNAL tó kẹ́yìn ni 901227-03, lẹ́tà ni 901225-01. Lórí pánẹ́ẹ̀lì kúkúrú tó wà nínú ọ̀pọ̀ C64C, wọ́n ti pa BASIC àti KERNAL pọ̀ sínú IC kan tó jẹ́ 16 KB, ẹlẹ́sẹ̀ 28, nọ́ńbà rẹ̀ ni 251913-01. Ẹni tó bá ra 901227-03 fún irú pánẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ kò níbi tí yóò fi sí. SX-64, èyí tó ṣeé gbé kiri, ní KERNAL tirẹ̀ tí wọ́n ti yọ ọ̀rọ̀ káséẹ̀tì kúrò nínú rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sínú Commodore 64 lásán, ẹ̀rọ á jí lóòótọ́, ṣùgbọ́n káséẹ̀tì yín kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ó sì máa wá àbùkù tí kò sí.

Ibi tí EPROM ti ń tan àwọn èèyàn jẹ jù lọ nìyí. ROM BASIC àti KERNAL jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní 2364, 8 KB, ẹlẹ́sẹ̀ 24. EPROM 8 KB tó pọ̀ lọ́jà ni 2764, ẹlẹ́sẹ̀ 28. Èèyàn á ní kí òun jẹ́ kí mẹ́rin òkè yọ síta, kí ìyókù bọ́ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹsẹ̀ 18 ROM ni àdírẹ́sì A11; ibi tó bọ́ sí lára 2764 ni ẹsẹ̀ 20, èyí tó ń jí IC. Ẹsẹ̀ 21 ROM ni A12. Ó bọ́ sí ẹsẹ̀ 23, A11 ló sì wà níbẹ̀. Fólítì 5 tó wà ní ẹsẹ̀ 24 bọ́ sí ẹsẹ̀ 26, níbi tí wọn kò so ohunkóhun mọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ 28 ni 2764 ti ń gba iná. IC náà kò rí iná, àdírẹ́sì rẹ̀ sì dàrú. Pánẹ́ẹ̀lì àdápítọ̀ kékeré ló ń yanjú èyí, owó rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ àdápítọ̀ lè wá MCM68764 tàbí MCM68766 ti Motorola, EPROM 8 KB ẹlẹ́sẹ̀ 24 tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá 2364 mu.

Iye ẹsẹ̀ tó dọ́gba pàápàá kò tó. Fún ROM lẹ́tà, 2532 ló bá a mu. 2732 náà ní ẹsẹ̀ 24, 4 KB náà ni, àmọ́ ẹsẹ̀ 21 ni A11 rẹ̀ wà, ti ROM sì wà ní 18.

Tí ẹ bá ń kọ EPROM, ẹ wo fólítì tó fẹ́. 2532 àti MCM68764 ń fẹ́ 25. 2764 ti àtijọ́ ń fẹ́ 21, 27C64 sì ń fẹ́ nǹkan bíi 12.5. Ẹni tó bá fi 21 kọ 27C64 ti jó o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìkọ̀wé EPROM olówó pọ́ọ́kú ni kò sì lè dé 25, ẹ mọ èyí kí ẹ tó ra MCM68764 tí ẹ ò ní lè kọ nǹkan sí. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò pé ó ṣófo kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ kà á padà lẹ́yìn náà, kí ẹ sì lẹ nǹkan bo fèrèsé gíláàsì orí rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wọlé.

Ẹ má fa IC tí kò tíì ṣetán láti jáde

Ọwọ́ líle níbí ló ń ba pánẹ́ẹ̀lì jẹ́ ju ohunkóhun lọ. Pánẹ́ẹ̀lì Commodore 64 ní bàbà lókè àti nísàlẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan ní bàbà nínú tó so méjèèjì pọ̀. Lẹ́ẹ̀dì tó kù díẹ̀ sínú ihò kan ṣoṣo tó láti mú ẹsẹ̀ náà dání. Bí ẹ bá fi skuru díráfà hú IC nígbà yẹn, bàbà inú ihò á bá ẹsẹ̀ jáde. Láti òkè, ẹ lè má rí nǹkan kan. Ẹ̀rọ á kàn yadi.

Ẹ kọ́kọ́ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun kún ti àtijọ́ ní gbogbo ẹsẹ̀, kó lè yọ́ dáadáa. Ẹ fi sọ́kà, ohun tí wọ́n fi ń fa lẹ́ẹ̀dì tó ti yọ́, fà á kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fún ihò láàyè kó tutù kí ẹ tó padà sí i. Ẹsẹ̀ 12 máa ń ṣagídí nítorí gíráǹdì tó fẹ̀ ń gba ooru rẹ̀ lọ. Ẹ lo ẹnu áyọ̀ọ̀nù tó fẹ̀ díẹ̀, ẹ má fi ooru gíga pupọ̀ rọ́pò sùúrù. Kí ẹ tó gbé IC, ẹ fi ẹnu kékeré kan rọra ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ìsàlẹ̀. Èyí tó ti bọ́ á mì nínú ihò rẹ̀. Èyí tí kò bá mì, ẹ padà síbẹ̀.

Bí ohun tó wà lọ́wọ́ yín kò bá ju áyọ̀ọ̀nù lásán lọ, tó sì dá yín lójú pé IC yẹn ti kú, ẹ gé gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ẹ gbé ara kúrò, kí ẹ wá máa yọ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ooru. IC á ṣòfò, pánẹ́ẹ̀lì á yè. Mo fara mọ́ pàṣípààrọ̀ yẹn ní gbogbo ìgbà.

Ẹ má jó tuntun mọ́ pánẹ́ẹ̀lì tààrà; sọ́kẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ jó síbẹ̀, kí ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn yín má tún lo ooru. Orí IC tí wọ́n gé díẹ̀ láti fi ṣàmì, kí ó kọjú sí ibi tí àmì pánẹ́ẹ̀lì kọjú sí. IC tí wọ́n fi síbẹ̀ lódì máa ń gbóná lójú ẹsẹ̀, ó sì ṣọ̀wọ́n kó yè. Ẹsẹ̀ IC tuntun máa ń là síta ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, nítorí náà ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́ orí tábìlì títí wọ́n á fi dúró ṣánṣán. Bí ẹ bá ń tì í wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ẹ wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Ẹsẹ̀ kan lè ká sábẹ́ ara IC, kó dà bíi pé gbogbo rẹ̀ ti wọlé. Nígbà ọyẹ́, ẹ fọwọ́ kan irin tó kan ilẹ̀ kí ẹ tó mú IC, kí iná tó wà lára yín má bàa bà á jẹ́.

Ẹ má tan án báyìí. Ẹ̀bùn kan wà nínú bí wọ́n ṣe ya pánẹ́ẹ̀lì gígùn yìí: BASIC àti KERNAL jọ ń lo wáyà kan náà ni. Ẹ fi mítà sí ibi tó ń dún, ẹ fi ẹnu kan sí ẹsẹ̀ 1 U3, ẹnu kejì sí ẹsẹ̀ 1 U4. Ó gbọ́dọ̀ dún. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé ẹsẹ̀ 24. Ẹsẹ̀ 20 nìkan ni kò gbọdọ̀ dún, nítorí ibẹ̀ ni PLA ti ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀. Èyí tó bá dákẹ́ níbi tó yẹ kó dún, ihò rẹ̀ ti ya. Ẹ fi wáyà tínínrín so ó láti ẹsẹ̀ U3 sí U4. Lẹ́yìn náà ẹ dán ẹsẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wò, bóyá lẹ́ẹ̀dì ti so wọ́n pọ̀.

Bó bá ṣì dúdú lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má tíì yọ IC mìíràn. Bí ROM àtijọ́ bá jáde ní odindi, ẹ kà á nínú ẹ̀rọ EPROM pẹ̀lú àdápítọ̀, kí ẹ fi ohun tó wà nínú rẹ̀ wé ti KERNAL tó dára. Bí méjèèjì bá bára mu láìku báìtì kan, ẹ dá a padà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lọ wo PLA.