Ẹ̀yin tó fẹ́ ya fọ́tò idì olórí funfun ní Maryland, Amẹ́ríkà

Ẹ̀yin ará, oṣù kọkànlá ni kí ẹ fojú sí. Ìgbà náà ni idì olórí funfun máa ń pọ̀ jù ní dáàmù Conowingo, lórí odò Susquehanna. Omi tó gba inú ẹ̀rọ dáàmù kọjá máa ń gbé ẹja tó ti kú tàbí tí òòyì ń kọ́ jáde, àwọn idì á sì máa já bọ́ láti gbé wọn. Tí ẹ bá ti gbọ́ fèrè ìkìlọ̀ tí dáàmù máa ń fọn kí omi tó tú jáde, ẹ múra.

Orí ẹyẹ yìí ló máa ń ba àwòrán jẹ́ jù. Ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ funfun báláú. Bí kámẹ́rà bá fi ara dúdú yẹn díwọ̀n ìmọ́lẹ̀, orí á funfun débi pé ìyẹ́ rẹ̀ ò ní hàn mọ́. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ kù sí -0.7 tàbí -1 níbi exposure compensation (ibi tí ẹ ti ń dín ìmọ́lẹ̀ àwòrán kù tàbí fi kún un lórí kámẹ́rà), kí ẹ sì fi shutter, ìyẹn bí kámẹ́rà ṣe ń yára ya àwòrán, sí 1/2000 ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, torí idì máa ń kọjú sí i kó tó gbéra. Tó bá tẹ̀ síwájú tó su, ẹ tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀, ó fẹ́ fò nìyẹn!

Ẹ má fojú fo èyí tí gbogbo ara rẹ̀ dúdú. Ọmọ idì kan náà ni, ó máa ń tó nǹkan bí ọdún 5 kí orí rẹ̀ tó funfun.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sún mọ́ ìtẹ́ wọn. Ìyẹ́ tó bá bọ́ sílẹ̀ pàápàá, ẹ fi í síbẹ̀, òfin Amẹ́ríkà ò gbà kí ẹ mú un lọ sílé.